Àlejò, Onílé àti Owó Ilé ní Ìjẹmọ̀

Bí a bá bi àgbàlagbà kan ní Ìjẹmọ̀ pé níbo ni ilé rẹ̀ wà, agbo ilé bàbá rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ, ìbáà ṣe ibòmíràn ni ó ń sùn. Ọ̀rọ̀ náà ní ìtàn. Ní ọdún 1830, nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀ lé Ṣódẹkẹ́ kúrò ní Ìbàdàn wá sí abẹ́ Olúmọ, ìlú kọ̀ọ̀kan tí ogun ti fọ́ gbé orúkọ àti oyè rẹ̀ dání wá. Ìjẹmọ̀, tí í ṣe ọ̀kan nínú àwọn ìlú Ẹ̀gbá Aláké, tẹ̀dó sí àyè tirẹ̀ bí àwọn ìyókù ti ṣe. Ẹni tí ó bá ní ojúlé níbẹ̀, ó ní ìlú.

Báwo wá ni ti àlejò? Ọ̀dọ̀ baálé ni yóò lọ. Baálé yóò fún un ní yàrá, kò sì ní gba owó. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀fẹ́ ni. Àlejò náà yóò máa kí baálé láàárọ̀, yóò bá agbo ilé sìnkú, yóò bá wọn ṣọdún, bí iṣẹ́ bá sì pọ̀, kò gbọdọ̀ sá. Bí ó bá gba ilẹ̀ oko, yóò máa san ìṣákọ́lẹ̀, bí iṣu díẹ̀ tàbí epo, láti fi hàn pé òun mọ ẹni tí ó ni ilẹ̀.

Láti nǹkan bí ọdún 1839 ni àwọn Sàró ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé. Ní 1846 ni àwọn oníwàásù C.M.S. tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta. Nígbà tí ojú irin Èkó fi máa dé Ìbàdàn ní 1901, ó ti gba Abẹ́òkúta kọjá. Akọ̀wé, tíṣà àti oníṣòwò ń wá, wọn kò sì ní baálé tí wọn yóò sìn. Owó ni wọ́n mú wá. (Ẹ kíyè sí èdè wa: ọkọ́ ni à ń yá, owó ni à ń yá, kí á tó wá máa yá ilé. Àwọn tí kò fẹ́ yá a, wọ́n ń háyà rẹ̀.)

Èrò mi ni pé kì í ṣe àìní nìkan ni ó mú kí onílé gba owó yìí. Ní àṣà ilẹ̀ wa, bí ó ti wù kí àlejò pẹ́ tó, ilẹ̀ kò di tirẹ̀. Ṣùgbọ́n baálé a máa kú, ẹlẹ́rìí a máa kú, ọmọ ọmọ àlejò a sì wí pé ibẹ̀ ni wọ́n bí bàbá òun sí. Owó oṣù àti ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kò ní jẹ́ kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ohun tí ìṣákọ́lẹ̀ ń ṣe lóko ni owó ilé wá ń ṣe nínú ìlú.

Ohun tí ayálégbé kò rí rà ni ìlú. Ní 1914, nígbà tí Pọ́nlàdé, àgbà Ìjẹmọ̀ kan, kú sí àhámọ́ ìjọba Ẹ̀gbá, Ìjẹmọ̀ dìde ní ohùn kan, wọ́n ní kí a yọ akọ̀wé ìjọba, Adégbóyèga Ẹdun, kúrò. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹjọ àwọn ṣọ́jà yìnbọn sí wọn, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kú. Kí oṣù kẹsàn-án tó parí, òmìnira Ẹ̀gbá ti dópin. Irú ìdìde bẹ́ẹ̀, láti inú agbo ilé ni ó ti ń wá; ẹni tí ó san owó oṣù kò ní àyè ní ìgbìmọ̀ àwọn àgbà, bí ó tilẹ̀ gbé ibẹ̀ fún ogún ọdún.

Nígbà tí Abẹ́òkúta di olú ìlú Ìpínlẹ̀ Ògùn ní 1976, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá yàrá kiri. Òfin ilẹ̀ ti 1978 sì fi ilẹ̀ sábẹ́ gómìnà. Síbẹ̀, nínú ilé ẹbí, àwọn ọmọ ni ó ṣì ń jiyàn lórí ẹni tí yóò gba owó yàrá bàbá wọn. Ìjà náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: ní Èkó, ẹjọ́ Lewis àti Bankole ti 1908 ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé bí Dáwódù bá kú, ọmọ tí ó dàgbà jù nínú àwọn tí ó kù, ìbáà ṣe obìnrin, ni olórí ẹbí. Mo ti rí ilé tí wọ́n ti fi owó yàrá kan ra páànù òrùlé gbogbo ilé, mo sì ti rí èyí tí wọ́n ti yara wọn nídìí nítorí rẹ̀, tí ayálégbé kò sì mọ ẹni tí òun ì bá san án fún.