Òjò Àkọ́rọ̀ ní Òkè-Ògùn
Kí ìjọba tó gbé ohun ìwọ̀n òjò wá sí Ṣakí àti Ìsẹ́yìn ni àgbẹ̀ ti ń ṣọ́ ojú ọ̀run. Ìlà-oòrùn ni bàbá bàbá mi máa ń kọjú sí lóṣù Ẹrẹ́nà. Òótọ́ ni pé afẹ́fẹ́ gúúsù ló ń ru omi wá láti òkun, ṣùgbọ́n ìlà-oòrùn ni ìjì àkọ́rọ̀ ti ń ṣú bọ̀. Àrá á sán, òjò á rọ̀, wọn ò ní gbìn. Wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀ wò. Bí ìsàlẹ̀ bá ṣì gbẹ, àgbàdo irúgbìn á ṣì wà lókè àjà. Lọ́dún 1983 tí ọ̀dá mú Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ẹ̀ẹ̀mejì ni aládùúgbò wọn kan ra irúgbìn.

Lónìí, NiMet, àjọ ojú ọjọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2003, ní ibùdó nílùú méjèèjì. Wọ́n ń ka òjò ní mìlímítà. Èmi ń kọ ọjọ́ tí àrá kọ́kọ́ sán, àti ọjọ́ tí bàbá gbìn.