Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀ Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bẹ́ẹ̀dì: Ìtàn Bí Ayé Ṣe Ń Mọ Ìkọlù Ọkàn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìtètè mólè, olè ń mólóko. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìkọlù ọkàn rí. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì bá dí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé inú iṣan ọkàn, iṣan náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kú díẹ̀díẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí àyà ń dùn lóru ní ọgbà àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ní Ìkòròdú lè rò pé ọgbẹ́ inú ni, kí ó lo oògùn rẹ̀, kí ilẹ̀ sì mọ́ bá a nínú ewu.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ti ń wá olè yìí. Willem Einthoven, ará Netherlands, ṣe ẹ̀rọ ECG tí ń ya ìṣesí ọkàn sórí ìwé, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1924. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìkọlù ni ẹ̀rọ náà ń fi hàn. Ní 1954, àwọn oníṣègùn ní New York rí i pé èròjà kan máa ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ọkàn rẹ̀ farapa. Àléébù rẹ̀ ni pé àìsàn ẹ̀dọ̀ náà máa ń mú un pọ̀. Ní 1989 ni Hugo Katus àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì gbé àyẹ̀wò troponin T jáde, èròjà tí iṣan ọkàn ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ó bá farapa.

Ní 1997, Christian Hamm àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Hamburg gbé àyẹ̀wò náà dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n yẹ ènìyàn 773 tí àyà ń dùn wò, lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán. Nínú àwọn tí troponin I wọn kò fi nǹkan kan hàn, ìdá 0.3 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ikú tàbí ìkọlù ọkàn bá láàárín ọgbọ̀n ọjọ́.

Nílé wa ńkọ́? Fún ìgbà pípẹ́ ni wọ́n ń sọ pé ìkọlù ọkàn ṣọ̀wọ́n láàárín ènìyàn dúdú ní Áfíríkà. Ní 1973, Falase, Cole àti Osuntokun, àwọn oníṣègùn Ìbàdàn, tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ Nàìjíríà. Lóòótọ́ ni kò wọ́pọ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n àìsàn tí a kò ní irinṣẹ́ láti dá mọ̀, ta ni yóò kà á? Lónìí, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti sìgá ti ń pa ọ̀nà mọ́ fún un.

Àyẹ̀wò yìí kì í ṣe idán. Troponin kì í fara hàn lójú ẹsẹ̀. Bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò ní wákàtí àkọ́kọ́ tí a kò rí i, a gbọ́dọ̀ tún un yẹ̀ wò. ECG ni ó sì gbọ́dọ̀ ṣáájú. Àyẹ̀wò kò sì lè ṣí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tó ti dí. Oògùn àti ọwọ́ oníṣègùn ni ó ń ṣe ìyẹn.

Níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, tí ọ̀nà sì máa ń dí, ó yẹ kí ECG, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kíákíá àti ọkọ̀ tí yóò gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn wà ní sẹpẹ́. Kí á tètè mú olè náà, kí ó tó mú olóko.