Bí Wíwọ́ Ẹsẹ̀ Ṣe Di Ohun Tí Mẹ̀kúnnù Lè Rà

Arìnrìn-àjò tó bá fi ẹsẹ̀ rìn títí tó rẹ̀ ẹ́ ní Taipei, ní Bangkok tàbí ní àdúgbò Bukit Bintang ní Kuala Lumpur kò ní rìn jìnnà kó tó rí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ya àwòrán àtẹ́lẹsẹ̀ gàgàrà sí iwájú rẹ̀. Wọ́n ti pín àtẹ́lẹsẹ̀ náà sí ojúlé-ojúlé: àtàǹpàkò fún orí, àárín fún ikùn, gìgísẹ̀ fún ìbàdí. Owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń gbà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ tí kò rí já jẹ náà lè jókòó kí wọ́n wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ohun tí wọ́n sì sábà máa ń sọ fún àlejò ni pé iṣẹ́ ìṣẹ̀ǹbáyé Ṣáínà ni, pé ó ti lé ní 5,000 ọdún. Ìtàn kò gbè wọ́n lẹ́yìn. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ya àwòrán yẹn, kò sì ju nǹkan bí 100 ọdún lọ. Kì í sì í ṣe pípẹ́ láyé ló sọ iṣẹ́ náà di ohun tí apá mẹ̀kúnnù ká. Àwọn tó ni ìmọ̀ náà ni kò fi pamọ́: wọ́n fi kọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ́ ọ.

Ọ̀dọ̀ William Fitzgerald, dókítà etí, imú àti ọ̀fun ní ìlú Hartford ní Amẹ́ríkà, ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ó ṣàkíyèsí pé bí òun bá tẹ ibì kan lára aláìsàn, ìrora ibòmíràn a máa rọlẹ̀. Ó wá pín ara ènìyàn sí ìlà 10 láti orí dé ẹsẹ̀, òun àti Edwin Bowers sì tẹ ìwé lórí rẹ̀ jáde ní 1917. Dókítà mìíràn, Joe Shelby Riley, gba ẹ̀kọ́ náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Florida ni Eunice Ingham ti ṣiṣẹ́. Ingham ló gbájú mọ́ ẹsẹ̀. Ó tẹ ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ aláìsàn, ó ń kọ ohun tó rí sílẹ̀, títí ó fi ya gbogbo ara sórí àtẹ́lẹsẹ̀. Ní 1938, ó gbé ìwé Stories the Feet Can Tell jáde. Ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló ṣe pàtàkì jù: nígbà tí àwọn dókítà kò ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí, ó kọjú sí àwọn ará ìlú. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn ní Amẹ́ríkà, tó ń kọ́ àwọn tí kò tilẹ̀ mọ ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn.

Ìwé ló gbé ìmọ̀ náà kọjá òkun. Hedwig Masafret, nọ́ọ̀sì ọmọ Swítsàlandì, kọ tirẹ̀ ní èdè Jámánì. Ní 1970, àlùfáà Kátólíìkì kan láti Swítsàlandì, Josef Eugster, gúnlẹ̀ sí Táíwàn. Wọ́n rán an lọ sí Taitung ní ìlà-oòrùn erékùṣù náà, láàárín àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Amis, apẹja àti àgbẹ̀ tí owó kò yí lọ́wọ́. Làkúrègbé kò jẹ́ kí orúnkún rẹ̀ gbádùn, ni ajíyìnrere ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá fi ìwé Masafret lé e lọ́wọ́. Ó dán an wò, ara tù ú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí wọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 sí òkè, òkìkí rẹ̀ ti kan gbogbo Táíwàn, èrò ń ya lọ sí ìletò rẹ̀. Àwọn aláṣẹ yọ ọ́ lẹ́nu nítorí pé kò ní ìwé àṣẹ ìṣègùn. Dípò kó máa nìkan dá a ṣe, ó fi kọ́ àwọn mìíràn, àwọn yẹn náà kọ́ ẹlòmíràn, iṣẹ́ náà sì ràn dé Hong Kong, Singapore, Màléṣíà àti Ṣáínà fúnra rẹ̀. Rwo Shur, orúkọ tí wọ́n ń pe ọ̀nà náà, inú orúkọ Ṣáínà tí àlùfáà yìí ń jẹ́ ni wọ́n ti yọ ọ́.

Ẹ wo ohun tí ẹni tó kọ́ṣẹ́ náà nílò: àga, omi gbígbóná, ìpara, àti ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Kò ní lọ yá owó kó tó dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Ìmọ̀ tó wà ní gbangba, tí kò gba irinṣẹ́ olówó gọbọi, kò lè ṣe kó má di ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń tà, ibi tí ọ̀pọ̀ bá sì ti ń ta nǹkan, kò ní wọ́n. Tháílándì jẹ́rìí sí i. Láti 1832 ni Ọba Rama Kẹta ti bẹ̀rẹ̀ sí tún tẹ́ńpìlì Wat Pho ní Bangkok ṣe, ó sì ní kí wọ́n gbẹ́ ìmọ̀ ìṣègùn sára òkúta níbẹ̀, tó fi mọ́ àwòrán 60 tó ń fi ojú-ìlà tí wọ́n ń tẹ̀ lára hàn, kí ará ìlú lè rí wọn kà. Ní 1955, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ìbílẹ̀ sílẹ̀ nínú tẹ́ńpìlì náà, ní 2019 sì ni UNESCO fi wíwọ́ ara lọ́nà ti Tháílándì sínú àkójọ àṣà tó jẹ́ ogún aráyé. Nígbà tí àwòrán àtẹ́lẹsẹ̀ dé láti òde, ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ ti pọ̀ nílẹ̀.

Àwọn kan yóò ní ibojì Ankhmahor wà ní Saqqara ní Íjíbítì, ó ti lé ní 4,000 ọdún, wọ́n sì ya àwọn tó ń di ẹsẹ̀ àti ọwọ́ ẹlòmíràn mú sára ògiri rẹ̀. Wọ́n tún lè sọ pé ìṣègùn Ṣáínà àtijọ́ mọ ojú-ibi tí wọ́n ń tẹ̀ ní àtẹ́lẹsẹ̀. Òótọ́ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ènìyàn kì í ti í wọ́ ẹsẹ̀ tó ń ro ni. Nílẹ̀ Yorùbá, òrí ni a fi ń wọ́ ẹsẹ̀ àgbàlagbà, kò sì sí ẹni tó máa tìtorí ìyẹn sọ pé àwa la dá reflexology, bí wọ́n ṣe ń pe iṣẹ́ títẹ àtẹ́lẹsẹ̀ yìí, sílẹ̀. Ohun tó ya iṣẹ́ yìí sọ́tọ̀ ni àwòrán tó fi gbogbo ẹ̀yà ara sórí ẹsẹ̀, a sì mọ ẹni tó fi lé ẹnì kejì lọ́wọ́ láti Hartford títí dé Taitung. Kò sí irú okùn bẹ́ẹ̀ tó so Taitung mọ́ Saqqara.

Àtakò kejì wúwo jù ú lọ: pé ìyà àwọn òṣìṣẹ́ ni arìnrìn-àjò ń rà ní owó pọ́ọ́kú. Ẹ̀rí wà fún un. Ní Táíwàn, òfin 1980 fi iṣẹ́ wíwọ́ ara sílẹ̀ fún àwọn afọ́jú nìkan, kí wọ́n lè rí oúnjẹ òòjọ́. Àwọn ṣọ́ọ̀bù ẹsẹ̀ gbèrú lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfin yìí, àwọn tó ríran kún inú wọn. Ní oṣù kẹwàá 2008, àwọn adájọ́ tó ń túmọ̀ òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ náà dájọ́, nínú ìtumọ̀ 649, pé ìkàléèwọ̀ yẹn ta ko ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú láti yan iṣẹ́, wọ́n sì fún ìjọba ní ọdún mẹ́ta péré kí ìkàléèwọ̀ náà tó di asán. Ilẹ̀kùn tó ṣí fún mẹ̀kúnnù kan ti fa oúnjẹ kúrò lẹ́nu mẹ̀kúnnù mìíràn, kò sì yẹ ká fi èyí pamọ́. Síbẹ̀, títi ilẹ̀kùn náà padà kọ́ ni àtúnṣe. Àwọn adájọ́ kan náà sọ pé ìjọba ní láti wá ọ̀nà mìíràn láti ran àwọn afọ́jú lọ́wọ́, ojúṣe tirẹ̀ sì nìyẹn. Tiwa ni pé ká má ṣe dúnàá dúrà lórí owó tó ti kéré tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nídìí pẹpẹ, nídìí pẹpẹ ló yẹ kó ti jẹ.

Àtakò tó kù ni ti sáyẹ́ǹsì. Ní 2009, olùwádìí kan, Edzard Ernst, kó ìwádìí 18 jọ, kò sì rí ẹ̀rí tó dájú pé reflexology ń wo àìsàn kankan. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Títẹ àárín ẹsẹ̀ kò wo ọgbẹ́ inú, ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà bá sì ti dá egbò sí lẹ́sẹ̀, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ dì sí lẹ́sẹ̀, ọ̀dọ̀ dókítà ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó ti rìn láti òwúrọ̀ kò béèrè ìwòsàn, ìtura ló ń béèrè, ìyẹn ni ọwọ́ tó mọṣẹ́ lè fún un. Bí a bá yọ irọ́ 5,000 ọdún àti ìlérí ìwòsàn kúrò, iṣẹ́ náà kò dínkù. Ohun tó kù lójú mi ni èyí tó níyì jù: ìmọ̀ tí obìnrin kan kó lọ fún ará ìlú, tí àlùfáà kan gbìn sí abúlé àwọn apẹja, tó sì ń bọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé lónìí. Ìyẹn ló yẹ kí arìnrìn-àjò máa sanwó fún, kó san án pé, kó má sì retí iṣẹ́ ìyanu.