Èdè Ìperí fún Iṣẹ́ Olùtọ́jú Sáfà ní Ilẹ̀ Nàgó

Olùtọ́jú sáfà ni ẹni tí kì í jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń lò láti ọ̀nà jíjìn dákẹ́. Òun ló ń ṣí àkáǹtì fún ẹni tuntun, òun ló ń ti ti ẹni tó ti lọ; òun ló ń wo àyè tó kù nínú dísíkì, tí ó sì ń ṣe ẹ̀dà ohun gbogbo sílẹ̀ kí jàǹbá tó dé. Nínú iṣẹ́ sọ́fítíwíà bíi Debian, tí Ian Murdock dá sílẹ̀ ní 1993, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló ń ṣe èyí, láìgba owó oṣù. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ pọ̀, inú Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn sì ti wá.

Ní Issaba, ní Pobè àti ní Sakété, ní ilẹ̀ Nàgó ní Bẹ̀nẹ̀ lẹ́bàá ààlà Nàìjíríà, ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ àyálò ń gbà wọlé. Ọmọ tó ń sọ ẹ̀ka-èdè Ọ̀họ̀rí tàbí Ìjẹ nílé, Faransé ló fi ń kọ́ nípa ẹ̀rọ ní ilé ẹ̀kọ́: ordinateur, serveur, mot de passe. Ìbátan rẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ tàbí ní Ìlaròó ní Nàìjíríà ń sọ kọ̀ǹpútà, sáfà, páswọọdù. Bí àwọn méjèèjì bá jọ ń tọ́jú ẹ̀rọ kan náà, àyálò ni yóò kọ́kọ́ yà wọ́n, bẹ́ẹ̀ èdè ilé kan náà ni wọ́n ń sọ. Àwọn onímọ̀ tó ṣe Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìdìpọ̀ kìíní rẹ̀ ní 1984, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe ti ìkejì ní 1990, ti fi hàn nínú ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ pé àpèjúwe àti fífẹ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ àtijọ́ lè bí ọ̀rọ̀ tuntun. Ní ẹ̀bá ààlà, ọ̀nà méjèèjì yìí wúlò ju àyálò lọ. Ọ̀rọ̀ tó ti wọlé tán lọ́wọ́ tẹrú-tọmọ, irú bíi kọ̀ǹpútà àti sáfà, kò sí ìdí láti lé e jáde mọ́.

Orúkọ irú sọ́fítíwíà tí Debian jẹ́ fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń dá wàhálà sílẹ̀. Nígbà tí Richard Stallman kéde iṣẹ́ sọ́fítíwíà GNU ní 1983, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó lò, free, lè túmọ̀ sí ohun tí a kò sanwó fún, ó sì lè túmọ̀ sí ohun tó wà lómìnira. Èkejì ló ní lọ́kàn: ẹ̀tọ́ láti lò ó bó ṣe wuni, láti yẹ inú rẹ̀ wò, láti pín in, láti tún un ṣe. Ẹni tó bá pè é ní sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ ti mú ìtumọ̀ tó kéré jù, nítorí ọ̀pọ̀ ohun ọ̀fẹ́ lórí fóònù kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yẹ inú wọn wò. Ará Pobè tó mọ libre nínú Faransé kì í ṣìnà níbí. Sọ́fítíwíà olómìnira ni ó yẹ.

Fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìgbowó, ọ̀wẹ̀ àti àáró ló kọ́kọ́ ń wá síni lẹ́nu. Àáró kò bá a mu: ẹni tí a bá bá roko lónìí gbọ́dọ̀ wá roko tiwa lọ́la, kò sì sí irú gbèsè bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Ọ̀wẹ̀ súnmọ́ ọn, ṣùgbọ́n ọ̀wẹ̀ a máa parí lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọlọ́wẹ̀ a sì pèsè oúnjẹ. Sáfà kì í parí. Olùyọ̀ǹda ara ẹni gùn lẹ́nu lóòótọ́, àmọ́ kò parọ́.

Olùdarí kò yẹ olùtọ́jú sáfà, nítorí kò darí ẹnikẹ́ni. Olùmójútó ìbá dára, bí kì í bá ṣe pé ó lè mú ènìyàn rò pé àwọn tó lè pa ojú-ìwé rẹ́ tàbí dènà oníṣe lórí Wikipedia ni à ń wí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò dé ìdí sáfà rí. Ìdí nìyí tí a fi mú olùtọ́jú. Ti root tún yàtọ̀. Àkáǹtì tó lágbára jù lọ nìyẹn, ọwọ́ sì ni a fi ń tẹ orúkọ rẹ̀. Bí a bá kọ gbòǹgbò síbẹ̀, ẹ̀rọ kò ní dáhùn. Ohun tí a ń tẹ̀ fún ẹ̀rọ, irú bíi root, sudo àti ssh, kí ó wà bó ṣe wà. Ohun tí ènìyàn ń kà ni kí a túmọ̀.

Nínú àwọn tó kù, ẹ̀dà ìpamọ́ dára fún ohun tí Faransé ń pè ní sauvegarde. Àbùlẹ̀, tí télọ̀ fi ń dí ihò aṣọ, bá àtúnṣe kékeré tí a ń fi dí àléébù sọ́fítíwíà mu. Èyí tí ènìyàn máa ń ṣìṣe sí jù ni firewall. Ògiri iná tí àwọn kan ń sọ ń mú ènìyàn rò pé ògiri náà ń jó. Kétu, ní àríwá Pobè, ti ní ọ̀rọ̀ náà tipẹ́. Yàrà àti odi ló yí ìlú náà ká kí àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì tó fọ́ ọ ní 1886, ẹnubodè rẹ̀ tí a ń pè ní Àkàbà Ìdènà sì wà níbẹ̀ di òní. Ní ẹnubodè, a máa ń wo ẹni tó ń bọ̀, kí a tó jẹ́ kí ó kọjá. Iṣẹ́ tí firewall ń ṣe gan-an nìyẹn. Ìdènà tó.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ni ọ̀nà ìkọ̀wé. Ní Nàìjíríà, ẹ àti ọ. Ní Bẹ̀nẹ̀, ɛ àti ɔ, sh sì rọ́pò ṣ. CLDR, àkójọ ètò èdè tí ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà ń lò, ti yà wọ́n sọ́tọ̀: oṣù kìíní jẹ́ Ṣẹ́rẹ́ lábẹ́ yo (Yorùbá), ó jẹ́ Shɛ́rɛ́ lábẹ́ yo-BJ (Yorùbá ti Bẹ̀nẹ̀). Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Kódà ẹ́ nìkan kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú Unicode. Lẹ́tà kan àti àmì ohùn kan ni a ń so pọ̀. Ẹni tó bá wá ẹ̀dà nínú fáìlì tí a kọ ɛ̀dà sí kò ní rí nǹkan kan. Nítorí náà, kí ẹni tó bá fẹ́ túmọ̀ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yìí ní Issaba tàbí ní Sakété kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà méjèèjì, kí ó sì fi wọ́n ránṣẹ́ pa pọ̀.