Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́: Bí ilé ṣe lè dín iná lílò kù nígbà tí gbogbo àdúgbò ń fà á lẹ́ẹ̀kan náà

Láti ọdún 2005 ni orúkọ NEPA ti kúrò nílẹ̀, tó di PHCN. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2013, ìjọba fa pínpín iná lé àwọn iléeṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́, IBEDC ló sì gba agbègbè tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà. Síbẹ̀, tí iná bá dé lójijì ní Àkẹ̀sán tàbí Òwòdẹ̀ ní Ọ̀yọ́, ní Tákìé tàbí Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́, "Up NEPA!" náà ni àwọn ọmọdé ṣì ń pa.

Kí ariwo náà tó rọlẹ̀, ẹnì kan ti ki áyọ́ọ̀nù bọ iná, onílé ti tan ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga, fírísà ẹlẹ́ja tútù ti ń kùn. Ìṣẹ́jú yẹn gan-an ló ń ba iná àdúgbò jẹ́ jù.

Ìgbà wo ni iná lílò máa ń pọ̀ jù?

Káàkiri Nàìjíríà, láti nǹkan bí aago méje sí mẹ́wàá alẹ́ ni. Àwọn èèyàn ti dé láti ibi iṣẹ́, gílóòbù, tẹlifíṣọ̀n àti fáànù ń ṣiṣẹ́ pọ̀, àwọn kan sì ń se oúnjẹ lórí hot plate. Oṣù Ẹrẹ́nà àti Igbe tún le sí i nítorí ooru, torí fáànù kì í sinmi mọ́jú.

Iná tó wà nílẹ̀ kò sì tó. Nígbà tí orílẹ̀-èdè yìí pèsè iná tó pọ̀ jù nínú ìtàn rẹ̀ ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2025, díẹ̀ ló fi lé ní mẹ́gáwáàtì 5,800, fún èèyàn tó lé ní igba mílíọ̀nù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pín in ní "mú tìrẹ, kí n mú tèmi."

Pínpín yìí ló bí ìgbà kejì tí iná lílò máa ń ga: ìgbà tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ì báà jẹ́ aago mẹ́ta ọ̀sán. Gbogbo iṣẹ́ tó ti ń dúró de iná ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ papọ̀.

Kí ló ń ṣe tírànsífọ́mà?

Tírànsífọ́mà 500 kVA wọ́pọ̀ ládùúgbò. Ohun tó lè gbé láìjìyà kò ju bíi kílówáàtì 400 lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ: tí ilé 200 bá tan áyọ́ọ̀nù 1,000 wáàtì àti ẹ̀rọ omi 1,000 wáàtì lẹ́ẹ̀kan náà, kílówáàtì 400 ti pé, a ò tíì ka fáànù kan ṣoṣo.

Tí ẹrù bá ti pọ̀ jù, iná á di bàìbàì, fáànù á máa yí bí ẹni tó rẹ̀. Irú iná tí kò lágbára bẹ́ẹ̀ ló ń jó ẹ̀rọ inú fíríìjì. Tí ẹrù náà ò bá rọlẹ̀, fíúsì á já. Tí ẹnì kan bá sì ti fi wáyà tó nípọn dípò fíúsì, tírànsífọ́mà fúnra rẹ̀ ló máa jó. Òkùnkùn lè wá pẹ́, kí ẹja tútù bàjẹ́, kí télọ̀ àti bábà máa náwó sórí epo jẹnẹrétọ̀.

Ohun tó ń jẹ iná jù nílé

– Kettle oníná: nǹkan bíi 2,000 wáàtì
– Áyọ́ọ̀nù, hot plate, boiling ring: 1,000 wáàtì sókè
– Ẹ̀rọ omi àti AC: nǹkan bíi 1,000 wáàtì, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ
– Fáànù: 60 sí 75 wáàtì
– Gílóòbù LED: nǹkan bíi 9 wáàtì

Ohun tó ń gbóná tàbí tó ń fa omi ló ń jẹ iná. Pípa fáànù nígbà tí áyọ́ọ̀nù wà lórí iná kò fi bẹ́ẹ̀ ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe

1. Tí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ pa áyọ́ọ̀nù, AC, fíríìjì àti ẹ̀rọ omi. Tí iná bá dé, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó fìdí múlẹ̀, kẹ́ ẹ tó máa tàn wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

2. Ẹ lọ aṣọ ọ̀sẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe ẹyọ kan láràárọ̀. Àárọ̀ kùtù tàbí ẹ̀yìn aago mẹ́wàá alẹ́ ló dára jù.

3. Ẹ má fa omi láàárín aago méje sí mẹ́wàá alẹ́. Ẹgbẹ́ onílé lè pín in: òpópónà kan láàárọ̀, èkejì lọ́sàn-án.

4. Ẹ kó ike omi kún àyè tó ṣófo nínú fírísà. Fírísà tó kún, tí wọn ò ṣí, máa ń di òtútù mú ju ọjọ́ kan lọ, nítorí náà kò sí ewu tẹ́ ẹ bá pa á fún wákàtí méjì lálẹ́.

5. Ẹ pààrọ̀ gílóòbù pupa sí LED.

Ṣé owó iná á dín kù?

Mítà ilé kì í yàtọ̀ sí owó alẹ́ àti owó ọ̀sán. Iye kan náà ni yúníìtì. Ẹni tó kàn sún áyọ́ọ̀nù rẹ̀ sí ìgbà mìíràn kò tíì dín owó kù, tírànsífọ́mà ló gbà sílẹ̀. Lílo ohun tí kò jẹ iná púpọ̀ ló ń dín owó.

Gílóòbù 60 wáàtì márùn-ún tó ń tàn fún wákàtí márùn-ún lójúmọ́ yóò jẹ yúníìtì 45 lóṣù. LED 9 wáàtì márùn-ún kò ní jẹ tó 7. Ní iye ₦209.50 tí NERC fi yúníìtì Band A sí ní oṣù Keje ọdún 2024, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi ₦9,400 sí nǹkan bíi ₦1,400. Àmọ́ ẹni tí kò ní mítà, tí wọ́n ń fojú bu owó fún, lè má rí ìyàtọ̀ yìí nínú bíìlì rẹ̀.

Ghana ti gbìyànjú rẹ̀ wò. Ní ọdún 2007, nígbà tí omi ìdídò Akosombo fà, ìjọba ibẹ̀ pín gílóòbù tí kì í jẹ iná púpọ̀, mílíọ̀nù mẹ́fà, lọ́fẹ̀ẹ́. Iná tí wọ́n ń lò lálẹ́ fi ohun tó lé ní mẹ́gáwáàtì 120 dín kù.

Gbogbo èyí kò gba iṣẹ́ kúrò lọ́rùn iléeṣẹ́ iná o. Àwọn ló ni tírànsífọ́mà, àwọn ló sì yẹ kó tún un ṣe. Tí àdúgbò bá fẹ́ dáwó ra òmíràn, kí wọ́n kọ́kọ́ bá iléeṣẹ́ náà tọwọ́ bọ̀wé lórí bí wọ́n ṣe máa dá owó náà padà. Tẹ́ ẹ bá sì rí i tó ń jò epo tàbí tó ń ta iná pàrà, ẹ má sún mọ́ ọn, ẹ fi tó ọ́fíìsì wọn tó wà nítòsí létí lójú ẹsẹ̀.