Ojú irin

Rélùwéè ni àwọn àgbà ń pè é. Ìwé ìròyìn a máa kọ ọ́ ní ojú irin. Ọ̀nà ni "ojú" ń wí níbí, bíi ti ojú ọ̀nà: irin méjì tó nà lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àti àlàfo àárín wọn. Àlàfo yìí gan-an ló ń da ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọkọ̀ ayé àtijọ́ ní kékeré láàmú.

Oríṣi méjì ló wà l'Abẹ́òkúta. Ti Láfẹ́ńwá, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì là láti Èkó, tó sì ṣí dé Ìbàdàn ní 1901, fẹ̀ ní mílímítà 1,067. Ti Láderin, tí ibùdókọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ orúkọ Wọlé Ṣóyínká, tí wọ́n ṣí ní 2021, jẹ́ 1,435.

Irin kékeré tó wọ́pọ̀ jù lọ́jà fẹ̀ ní 16.5. Bí a bá dín ọkọ̀ kù sí ìdá kan nínú 87, ti Láderin bá a mu rẹ́gí. Ti Láfẹ́ńwá yóò ya ẹsẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ní New Zealand, tí ojú irin wọn náà jẹ́ 1,067, àwọn kan rí ọgbọ́n dá sí i: ìdá kan nínú 64 ni wọ́n ń lò, gbogbo rẹ̀ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Ó tún ku ohun tí a ó kọ sára ọkọ̀ (ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń jìn sí kòtò nìyẹn). "Nigerian Railway" kò yẹ ọkọ̀ ọdún 1905, nítorí 1912 ni wọ́n pa ojú irin Èkó pọ̀ mọ́ ti Òkè Ọya. NRC (Nigerian Railway Corporation)? Ó di 1955.