Ta Ló Ni Ọmọ Lójú Agbowó-orí? Owó Ìtọ́jú Ọmọ àti Òfin Owó-orí ní Amẹ́ríkà, 1917 sí 2018

Bí ìgbéyàwó bá túká ní Amẹ́ríkà, ilé-ẹjọ́ a máa bu owó ìtọ́jú lé òbí tí ọmọ kò gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń san án kò lè yọ ọ́ kúrò nínú owó tí yóò san owó-orí lé. Ẹni tó ń gbà á kò sì ní san owó-orí kankan lórí rẹ̀. Ọmọ gan-an ni ìjà wà lé lórí: nínú òbí méjèèjì, ta ni yóò kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé owó-orí kí ìjọba lè ṣe ẹ̀dínwó fún un?

Ní 1917, nígbà tí ìnáwó ogun wọ ìjọba lọ́rùn, ni òfin kọ́kọ́ fún olórí ẹbí ní ẹ̀dínwó $200 lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè tó wà nídìí rẹ̀ ni pé: owó ta ni ọmọ ń jẹ? Òfin 1944 wá sọ ọ́ ní pàtó pé ẹni tó bá gbé ju ìdajì ìnáwó lọ ni ọmọ jẹ́ tirẹ̀. Ìbéèrè yìí rọrùn nígbà tí tọkọtaya ṣì wà nínú ilé kan náà. Lẹ́yìn ìkọ̀sílẹ̀, bàbá a ka owó tó fi ránṣẹ́, ìyá a ka oúnjẹ, aṣọ, ilé àti àìsùn. Àìsùn kò sì ní rìsíìtì.

Òfin 1942 ti dá kún ìṣòro náà. Ó gba ọkọ láàyè láti yọ owó tó fi ń gbọ́ bùkátà ìyàwó tó ti kọ̀ kúrò, kí ìyàwó sì san owó-orí lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi owó ọmọ kún un. Nínú ẹjọ́ Commissioner v. Lester (1961), àdéhùn tọkọtaya kan sọ pé owó tí ọkọ ń san yóò fi ìdá kan nínú mẹ́fà dínkù bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọn mẹ́ta bá gbéyàwó, tó bá kúrò lábẹ́ àṣẹ òbí, tàbí tó bá kú. Ta ni kò ní mọ̀ pé owó ọmọ wà níbẹ̀? Síbẹ̀, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé níwọ̀n ìgbà tí àdéhùn kò ti dárúkọ iye tó jẹ́ ti ọmọ, ti ìyàwó ni gbogbo rẹ̀. Báyìí ni owó oúnjẹ ọmọ ṣe di ohun tí bàbá fi ń dín owó-orí rẹ̀ kù, tí ìyá sì ń san owó-orí lé lórí.

Àtúnṣe 1967 fi $600 àti $1,200 ṣe òṣùwọ̀n fún òbí tí ọmọ kò gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìjà rìsíìtì kò tán. Òfin 1984 ló yí ìbéèrè padà: kì í ṣe ẹni tó náwó mọ́, bí kò ṣe ẹni tí ọmọ lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún lọ́dọ̀ rẹ̀. Àyàfi bí òbí yẹn bá fọwọ́ sí Fọ́ọ̀mù 8332 ni ẹnìkejì fi lè kọ orúkọ ọmọ. Òfin kan náà dí àyè tí ẹjọ́ Lester ṣí sílẹ̀. Àlàáfíà tó mú wá fún agbowó-orí kò kéré, ṣùgbọ́n òbí tó ń gbé gbogbo ìnáwó láìgbé pẹ̀lú ọmọ pàdánù.

Láti 2018 ni ẹ̀dínwó orí ọmọ ti di òdo, tí ìdápadà owó-orí, tó jẹ́ $2,000 ní 2018, gba ipò rẹ̀. Fọ́ọ̀mù náà ṣì ń gbé ìyẹn fún ẹnìkejì.

Ọ̀rọ̀ ibùgbé kan àwọn Yorùbá òkè òkun pẹ̀lú. Ọmọ tí kì í ṣe ọmọ-ìlú Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ máa gbé ní Amẹ́ríkà, Kánádà tàbí Mẹ́síkò kí òbí tó lè kọ orúkọ rẹ̀. Ṣáájú 2018, òbí kan ní Houston lè gba ẹ̀dínwó lórí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tó ń gbọ́ bùkátà rẹ̀ ní Mẹ́síkò. Èyí tó ń san owó ilé-ìwé, oúnjẹ àti oògùn ọmọ rẹ̀ ní Ìbàdàn kò rí nǹkan kan gbà.